Ìdí ìbọn mi ti gba òróró

Alẹ́ àná ni mo fi òróró pa ìdí ìbọn mi, apá onígi tí à ń gbé lé èjìká, nígbà keje. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ ẹ nínú gáréèjì wa níbí ní Texas. Igi walnut dúdú ni (kì í ṣe asálà tí à ń jẹ nílé o), fún ìbọn .22 (ìbọn ọlọ́ta kékeré) tí mo fẹ́ máa fi yin àmì ní mítà 50. Àárín àmì yẹn, ibi tó ń gba máàkì 10, mìlímítà 10.4 péré ni fífẹ̀ rẹ̀!

Híha ló gba àkókò jù. Mo fi sáńpépà 220 ha á (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe ń kúnná tó), mo fi 320 tẹ̀ lé e, mo wá fi aṣọ tútù nù ún. Bí omi ṣe kàn án, irun igi dìde ṣáṣá bí irùngbọ̀n ọjọ́ méjì. Ó gbẹ tán, mo fi 400 fá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń ra òróró linseed (òróró irúgbìn flax) náà títí igi á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìlà inú rẹ̀ wá yọ, ó pọ́n bí oyin ìgàn. Ọdẹ ni bàbá mi àgbà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mú ìdí ṣakabùlà rẹ̀ dán. Mo gbé tèmi lé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bọ́ sí ibi tí mo gbẹ́ fún un gẹ́lẹ́. Omi bọ́ lójú mi.