Agolo ẹ̀wà àti garawa èlùbọ́: bí a ṣe ń fi ohun iyebíye pamọ́ ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba

Ọdún kìíní tí mo dé Ìlú Ọba ni obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé agolo ẹ̀wà kan lé mi lọ́wọ́, ó sì ní kí n sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e wò, ó wúwo bí agolo tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, bébà ara rẹ̀ sì pé láìní àléébù. Ó gbà á padà, ó yí ìdí rẹ̀, ìdí náà sì tú bí ìdérí ìgò: òrùka méjì ni ó wà níbẹ̀, ó fi aṣọ pẹlẹbẹ wé wọn. Títà ni wọ́n ń ta irú agolo bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é máa ń fi nǹkan wúwo sínú rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà tú àṣírí, wọ́n sì ń ṣe ìwé tí a gbẹ́ inú rẹ̀ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò so mọ́ wáyà kankan pẹ̀lú.

Mo ronú sí i títí, mo sì rí i pé irú agolo yẹn kò lè wúlò nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Nàìjíríà. Kò sí agolo tí ó ṣófo nílé wa. Ẹ̀gúsí ni ó wà nínú agolo Milo, ata gígún wà nínú ìgò kọfí, abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ wà nínú agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù, ike áísìkiriìmù inú fìríìjì sì rèé, ọbẹ̀ ni. Nítorí náà, kò sí ọmọ ilé tí ó gba ohun tí wọ́n kọ sára agolo gbọ́. Ṣíṣí ni a máa ń ṣí i wò, ẹni tí ebi ń pa sì máa ń ṣí ju mẹ́ta lọ. Ní Ìlú Ọba, ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni ṣí agolo ẹlòmíràn. Orí ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ayédèrú agolo náà dúró lé.

Inú garawa èlùbọ́ ni màmá mi máa ń fi iyùn wọn sí. Wọ́n á fi ọ̀rá méjì wé e, wọ́n á so ó pinpin, wọ́n á da èlùbọ́ lé e lórí, àwọn nìkan ni wọ́n sì máa ń bu èlùbọ́ nínú garawa náà. Ọdún tí mo ṣe ìgbéyàwó, èmi ni mo di ẹnu garawa mú nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ọ̀rá òde ti ya, èlùbọ́ sì ti wọ ojú ihò ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù wà lára olè fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn tí à ń fi nǹkan pamọ́ fún ni àwọn tí ń wọlé ní ọ̀sán gangan tí a sì ń kí káàbọ̀, ìyẹn ìbátan, àlejò, ọmọ ọ̀dọ̀. Bí adigunjalè bá wá lóru, ibi ìpamọ́ ti di asán, nítorí kì í fojú wá nǹkan, ènìyàn ni ó máa ń bi pé, “Owó dà?” Mo mọ àwọn tí ń fi owó díẹ̀ sí tòsí ibùsùn kí wọ́n lè rí nǹkan fún un, kí ẹ̀mí wọn má baà lọ sí i, n kò sì rí ẹ̀bi kankan nínú ìyẹn. Kólékólé Ìlú Ọba sábà máa ń ṣọ́ ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé ní tirẹ̀. Kò rí ẹni bi, kò sì fẹ́ pẹ́, nítorí náà yàrá ìsùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí, kì í dúró yẹ agolo wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti owó bébà tún yàtọ̀. Nígbà tí báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé wọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí wọ́n fi 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ṣe gbèdéke kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, àǹtí mi kan tí wọ́n ti rán owó sínú tìmùtìmù àga kò rántí èyí tí ó jẹ́ nínú mẹ́fà. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n tú. Ní Ìlú Ọba, owó 20 àti 50 pọ́n-ùn àtijọ́ tí wọ́n fi bébà ṣe kúrò ní ohun tí a ń ná lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ṣùgbọ́n báǹkì àpapọ̀ wọn ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mú un wá, láìsí gbèdéke.

Nígbà tí ó yá, èmi náà ra agolo ẹ̀wà, mo fi ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí màmá mi fún mi sínú rẹ̀. Nígbà ìkórè, ilé ìwé ọmọ mi ní kí àwọn ọmọ mú oúnjẹ inú agolo wá fún àwọn aláìní, ọmọ náà sì mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀. Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀ ti àwọn páálí tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, mo sì ń yí ìdí agolo kọ̀ọ̀kan. Páálí kẹta ni mo ti rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí màmá mi bi mí lórí fóònù ni pé, “Ta ni o sọ fún?” Mo ní n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti gbé iyùn sínú èlùbọ́ ni àwọn ti sọ fún àbúrò àwọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọmọ mi wá sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tú ìdí agolo náà fúnra rẹ̀, ó dé e padà, ó tún un tú, lẹ́yìn náà ó gbé e sáàárín àwọn agolo ẹ̀wà tòótọ́.