Omi ló ń pa títì

Lóṣù kìíní ọdún yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ kan wá tún kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ṣe. Aránṣọ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ níbi tí òpópónà wa ti já sí títì ńlá, ní Èkó níbí, mo sì ti rí oríṣiríṣi ẹni tó wá dí kòtò yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá lóṣù kìíní ni mo pa máṣíìnì fún. Mo gbé àpótí síta, mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, torí bàbá mi ni mò ń rí lára wọn.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ PWD. Bí ọmọ ìsinsìnyí bá gbọ́ PWD, ibùdókọ̀ tó wà lápá Ìkẹjà ló máa wá sí i lọ́kàn. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀nà, afárá àti ilé ìjọba ni láyé àwọn òyìnbó, orúkọ yẹn ò sì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn títí wọ́n fi lọ, títí àwa náà fi dàgbà. Wọ́n fún bàbá mi àti ẹnìkejì rẹ̀ ní nǹkan bíi máìlì mẹ́ta lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, pé kí wọ́n máa bójú tó o. Àdá, ọkọ́, ṣọ́bìrì, apẹ̀rẹ̀ àti báró kan ni irinṣẹ́ wọn. Lọ́rí á wá da yẹ̀pẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ sí etí ọ̀nà ní òkìtì òkìtì, àwọn á sì máa bù ú dí ibi tó bá ti ń jìn. Láràárọ̀, bàbá mi á fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mọ ibi tó ti ń sán, ó mọ ibi tí gbòǹgbò igi ti ń gbé ọ̀dà sókè. Àwọn awakọ̀ a máa fọn fèrè kí i. Bàbá PWD ni wọ́n ń pè é.

Ohun kan ò yé mi nígbà yẹn. Ọ̀nà ni wọ́n ní kí bàbá mi tọ́jú, gọ́tà ló sì ń kó ní gbogbo ìgbà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń parí lọ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹrẹ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ní, "Mọ́tò lè fọ́ títì, ọmọ mi, omi ló ń pa á."

Mo dàgbà kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà tí à ń rí lókè yẹn, bí awọ ló ṣe wà. Òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló ń ru ẹrù. Bí ọ̀dà bá là tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, yẹ̀pẹ̀ á rọ̀. Bí táyà lọ́rí bá tẹ̀ ẹ́, ẹrẹ̀ á tú jáde láti ojú ibi tó là náà. Ẹ ti lè rí i rí lẹ́yìn òjò, àbàwọ́n pupa kan á wà lójú títì, ẹ máa rò pé ẹnì kan ló da nǹkan síbẹ̀. Inú títì ló ń jáde yẹn. Nígbà tó bá ti jáde tó, abẹ́ á ṣófo, awọ òkè á sì já wọlé. Kòtò tí ẹ bá lójijì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti tó oṣù méjì, mẹ́ta tó ti ń gbẹ́ ara rẹ̀.

Ilẹ̀ Èkó tún wá mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ọ̀sà àti àbàtà yí wa ká, ibi púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kẹ́ ẹ tó bá omi. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òpópónà inú àdúgbò fi jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, àwọn òkúta símẹ́ńtì tí wọ́n ń tò mọ́ra, ni wọ́n tò síbẹ̀ dípò ọ̀dà. Bí apá kan bá rì, wọ́n lè hú u, kí wọ́n dí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tò ó padà.

Ibi tí kòtò tiwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn kan wá gbẹ́ títì já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, òru ni wọ́n ṣe é, wọ́n fẹ́ ri wáyà mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ títì Èkó láìgbàṣẹ. LASIMRA ni ilé iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé irú ìyọ̀ǹda yẹn lé lọ́wọ́, ẹni tó bá sì gbẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà bó ṣe wà. Àwọn yẹn kó yanrìn padà sínú rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ojú ibẹ̀ jìn bí àwo. Kí ọdún tó parí, àgbò lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀.

A kọ lẹ́tà. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí alága àwọn onílé gbé e lọ ní ẹnu títì ńlá ló wà, kì í ṣe tàwọn. Ìkejì ní inú òpópónà ló wà. Oṣù mẹ́jọ ni lẹ́tà yẹn fi rìn. Ọ̀nà tiwa lórílẹ̀-èdè yìí pín sí mẹ́ta: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ibi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti iná ojú títì wà níbẹ̀, títí dórí orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ojúlé. Ti ìjọba àpapọ̀, FERMA, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tún un ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ tó ń tún ọ̀nà ṣe, LSPWC, tó tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń po ásífáàtì, ọ̀kan wà ní Ìmọ̀tà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà ò mọ ibi tí ti ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀, omi náà ò mọ̀ ọ́n. Láyé bàbá mi, ẹnì kan pàtó wà tí ẹ lè tọ́ka sí pé òun ló ni máìlì yìí.

Àwa fúnra wa dáwó. ₦5,000 lójúlé kọ̀ọ̀kan. A ra yẹ̀pẹ̀ tìpà kan, àwọn tó ń kọ́lé fún wa ní búlọ́ọ̀kù àfọ́kù àti táìlì tó ti fọ́, àwọn ọ̀dọ́ dà á sínú kòtò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dáwó yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò ní mọ́tò. Síbẹ̀, mo ń wò ó, mo mọ̀ pé bàbá mi ò ní gbà á. Búlọ́ọ̀kù ń ti ara wọn, ihò wà láàárín wọn, omi sì fẹ́ràn ihò. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbẹ́ ló tún gbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni agbaṣẹ́ṣe kan dé nínú oṣù keje, òjò ń rọ̀ wìnníwìnní, omi wà nínú kòtò. Ó da ásífáàtì lé omi lórí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́n omi náà!" Wọn ò wo ẹ̀yìn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Alẹ́ ọjọ́ kejìlá ni kẹ̀kẹ́ márúwá kan ṣubú síbẹ̀, apá ọmọ ilé ìwé kan ṣẹ́. Èmi ni mo ya ìrépé ánkárá tí a fi so apá náà kọ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti oṣù kìíní.

Fóòmáànù wọn ò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó kí mi, "Ẹ káàárọ̀, mà," ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde, ó fa ìlà yí kòtò náà ká. Kò tẹ̀lé ẹnu kòtò. Ó sún sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà kan, níbi tí ọ̀dà ṣì le, ó sì fà á ní igun mẹ́rin. Ara mi yá gágá. Bí èmi náà ṣe ń lẹ aṣọ tó ya nìyẹn: mo máa gé ibi tó gbó kúrò dé ibi tí òwú ti lágbára, kí abẹ́rẹ́ lè rí nǹkan dì mú. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, mà. Bí òjò bá ń rọ̀, apá ibo lomi ti máa ń wá?"

Kò sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn rí.

Mo nawọ́ sí gọ́tà òdìkejì. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó ki igi bọ̀ ọ́. Ó ti dí pa. Ó padà wá sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ásífáàtì ò ní wá lọ́jọ́ yẹn, ó pè lórí fóònù, ó ní kí wọ́n dá tìpà náà dúró di ọjọ́ kejì. Gọ́tà ni wọ́n kó ní gbogbo ọ̀sán: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bàtà, ìdérí ìkòkò, yanrìn dúdú tó ń rùn. Àwọn kan lára wọn ń kùn. Mo ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi máṣíìnì gé ọ̀dà lójú ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi díígà kó gbogbo inú rẹ̀ jáde. Búlọ́ọ̀kù wa jáde, yanrìn àwọn oníwáyà jáde, lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ẹrẹ̀ tó rọ̀ bí àmàlà wà. Wọ́n kó ìyẹn náà, títí ṣọ́bìrì fi dún lára ilẹ̀ líle. Wọ́n fi táyà àti àkísà pupa yí i ká, wọ́n lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n da òkúta àti ìyẹ̀fun òkúta sí i, ìpele mẹ́ta. Wọn ò dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá da ọ̀kan, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń fò tókítókí yẹn gún un, fóòmáànù á wá bọ́ sínú rẹ̀, á fi gìgísẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, á yí gìgísẹ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, á wo ojú ibẹ̀. Omi lé sójú mi. Bàbá mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, gìgísẹ̀ ọ̀tún, á yí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí ojú gìgísẹ̀ bá hàn, kò tíì gún. N ò mọ ẹni tó kọ́ fóòmáànù yìí, ó sì dájú pé kì í ṣe bàbá mi.

Wọ́n gbá eruku, wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ. Wọ́n wọ́n ọ̀dà ṣíṣàn sí ìsàlẹ̀ àti ara etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọ̀ kòkó ni nígbà tí wọ́n wọ́n ọn, wọ́n dúró títí ó fi dúdú tó sì ń lẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ṣí tapólì lórí tìpà, èéfín sọ. Fóòmáànù ki irin kan bọ inú ásífáàtì, ó kà á. Ó ní láti ibi tí wọ́n ti pò ó, ó máa ń gbóná tó nǹkan bí 150 dìgírì, bí wọ́n bá sì jẹ́ kó tutù kọjá nǹkan bí 85, róólà kan ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, á kàn máa yìnrìn bí ẹ̀bà tó ti sùn. Nítorí náà wọ́n yára. Wọ́n wọ́ ọ láti etí wá sí àárín, wọ́n jẹ́ kó ga ju títì lọ níwọ̀n ìka kan, róólà sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, omi ń kán sára irin rẹ̀ kí ọ̀dà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ méjì fún kòtò kan. Àwọn kan ń kọjá, wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ yẹn ti pẹ́ jù. Mo bá ẹnì kan jà díẹ̀ lórí rẹ̀. Afárá ńlá pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8, wọ́n tì í fún ọjọ́ mẹ́ta lóṣù kẹjọ 2018 kí wọ́n kàn lè yẹ̀ ẹ́ wò ni. Lóṣù keje 2020 wọ́n tún ti apá kan rẹ̀, ó di oṣù kejì 2021 kí wọ́n tó ṣí i tán, torí wọ́n ń pààrọ̀ àwọn oríkèé irin tó jẹ́ kí afárá lè máa nà, kó sì máa súnkì. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń rì sínú ọ̀sà lọ wo àwọn òpó rẹ̀ lábẹ́ omi. Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń jí ní aago mẹ́rin òru nígbà yẹn, ó ń ráhùn gan-an. Mo ní kó fara dà á.

Mo ti bá àwọn mẹkáníìkì ìtòsí wa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yéé da dísẹ́ẹ̀lì sójú títì, torí ó ń yọ́ ọ̀dà. Wọ́n gbọ́. Ẹni tó ń fọ mọ́tò ò tíì gbọ́, ojoojúmọ́ ni omi ọṣẹ rẹ̀ ń ṣàn gba ibẹ̀. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Mo mú agbòòrùn, mo jáde lọ wo ibi tí wọ́n tún ṣe. Gọ́tà ń ṣàn, ojú ibẹ̀ le, kò jìn. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bíi ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i, lọ́nà ibi tí ẹni tó ń fọ mọ́tò wà, mo rí ìlà tín-ín-rín kan, àbàwọ́n pupa díẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo fa ìlà yí i ká ní igun mẹ́rin, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága. Ó ní òun máa pe fóòmáànù.