Elégédé Mantova tó pa ìbínú mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná, kí n tó máa yin ẹnikẹ́ni. Bí ebi bá ń pa yín ní aago 3 ọ̀sán ní Mantova, ìlú kan ní Ítálì, ẹ yáa wá búrẹ́dì rà. Láti bíi aago 2 àbọ̀ ni wọ́n ti ń paná ìdáná, ó di bíi aago 7 àbọ̀ alẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi láti Verona ti pẹ́ kó tó gbéra, bí mo ṣe bá ilẹ̀kùn títì kiri nìyẹn. Òótọ́ ni pé àwọn adágún tí odò Mincio fi yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ìlú náà ká rẹwà, àmọ́ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́.

Lálẹ́, mo wọ ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́yìn gbàgede Piazza delle Erbe. Bàbá ń gba owó, ọmọ wọn ọkùnrin ń gbé abọ́, Màmá wọn wà nídìí iná. Mi ò tíì béèrè nǹkan kan tí búrẹ́dì fi dé. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o! Yúrò 3 ni owó ìjókòó tí wọ́n ń pè ní coperto: ẹ jẹ búrẹ́dì o, ẹ ò jẹ ẹ́ o, ẹ máa san án. Mo fajú ro.

Àfìgbà tí tortelli di zucca dé. Wọ́n fi ìyẹ̀fun tí wọ́n fẹyin pò, tí wọ́n nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, di elégédé, bisikíìtì amaretti rírún, wàràkàṣì àti mostarda, ìyẹn èso tí wọ́n sè sínú ṣúgà àti músítádì. Bọ́tà yíyọ́ ń ṣàn lórí ẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ dùn bí oúnjẹ ọmọdé. Ibi tí mo ti ń kùn ni mostarda ti ta mí lọ́fun, iyọ̀ wàràkàṣì tẹ̀ lé e. Ẹnu mi wọlẹ̀. Búrẹ́dì tí mò ń bá jà náà ni mo fi nu abọ́ mọ́ féfé.

Màmá yọjú, wọ́n rí abọ́ tó ń dán, wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n lọ gbé sbrisolona wá, kéèkì líle tó kún fún almond àti ìyẹ̀fun àgbàdo. Mo mú ọ̀bẹ. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n kan kéèkì náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó fọ́ yángá, wọ́n wá ṣa èyí tó tóbi jù fún mi.

Ìwé owó dé, sbrisolona ò sí níbẹ̀. Coperto ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ digbí. Tó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé lẹ máa lọ sírú ibẹ̀, ẹ tètè pè wọ́n sílẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, àwọn kan ṣì ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá kàn ń mirí ni.