Ohun Tí Nigel Tranter Kọ́ Mi Nípa Ìtàn Kíkọ

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Edinburgh ni mo ti ń kọ ìtàn àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà ní èdè Yorùbá, fún àwọn ará wa tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́ láìmọ ẹni tó kọ́ wọn. Ẹni tí mo fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Nigel Tranter, òǹkọ̀wé ará Scotland, tí wọ́n bí ní Glasgow ní ọdún 1909, tó sì di olóògbé ní oṣù kìíní ọdún 2000, lẹ́yìn tí ó ti kọ ìwé tó ju 100 lọ. Ọ̀pọ̀ ará Scotland ló jẹ́ pé inú ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta tó kọ láàárín 1969 sí 1971 ni wọ́n ti mọ Robert Bruce, ọba Scotland ayé àtijọ́, dunjú. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn tí tọmọdé tàgbà yóò lè kà ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìwé aládùn ni Tranter fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló wù ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣirò owó ló rí kọ́. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára àwọn ilé olódi tó ti ń bẹ̀ wò láti kékeré. Orí wọn ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ dá lé ní 1935. Ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò jáde títí di 1937. Láàárín 1962 sí 1970, ó tún kọ ìdìpọ̀ márùn-ún lórí àwọn ilé olódi náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán inú wọn. Iṣẹ́ gbígbẹ ni: ta ló ni ilé, báwo ni ògiri ṣe nípọn tó, ibo ni àtẹ̀gùn gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá dórí ìtàn Bruce, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò nípa ibi tí àwọn jagunjagun sùn sí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adùn ìwé rẹ̀ ti wá.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà pé ní ìparí ọdún 1566, Ọbabìnrin Mary ti Scotland wà ní ilé olódi Craigmillar, lẹ́bàá Edinburgh, pé ibẹ̀ sì ni àwọn ìjòyè ti jíròrò bí wọn yóò ṣe gba ọbabìnrin lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, Darnley, tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún 1567. Ìgbà tí mo gun àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀, èyí tó ń yí bírí, tó sì há débi pé ẹni méjì kò lè fi ara kan ara kọjá láìfún ara wọn láyè, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Láti òkè ilé náà, ènìyàn ń wo Edinburgh láwòyanu. Ẹ lọ síbi tí ẹ fẹ́ kọ̀wé lé lórí, bí ó bá ṣeé lọ.

Nípa àkókò, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ọwọ́ yóò dilẹ̀. Orí ìrìn ni Tranter ti ń kọ̀wé. Ní Aberlady, níbi tó ń gbé, a máa gba orí afárá onípákó kékeré kan kọjá sí etí òkun, bébà péńpé lọ́wọ́, nínú afẹ́fẹ́ àti òjò, níbi tí àwọn ẹyẹ bíi pẹ́pẹ́yẹ máa ń rọ́ dé láti Iceland nígbà ìwọ́wé. Tó bá dé ilé, a fi ẹ̀rọ tẹ ohun tó kọ. Fóònù ni èmi ń lò nínú bọ́ọ̀sì, gbólóhùn díẹ̀ díẹ̀. Bí owó bá sì ń dà yín láàmú, ẹ rántí pé òun náà fi orúkọ mìíràn, Nye Tredgold, kọ ìtàn kábọ́ì Amẹ́ríkà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibì kan wà tí n kò ti tẹ̀ lé e. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé ní oṣù kejì ọdún 1306, Bruce àti John Comyn, tó jẹ́ abánidíje rẹ̀, pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Dumfries, tí wọ́n sì pa Comyn síbẹ̀, kí Bruce tó gorí oyè ní Scone ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ kí ọ̀bẹ tó jáde, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Akọ̀tàn àròsọ bíi Tranter ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Òǹkàwé ni kò ní mọ ibi tí àkọsílẹ̀ parí sí. Nítorí náà, ohun tí mo bá rí nínú ìwé ẹ̀rí ni mo máa ń kọ ní ṣàkó. Bí mo bá ń fòye gbé e, mo máa ń kọ pé ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkàwé kò torí ìyẹn sá. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ̀wé sí mi láti sọ bí àwọn náà ṣe rò pé ó ṣẹlẹ̀.