Yíyí DNS padà lórí Windows 11 nílé

Tí ìkànnì kò bá ṣí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wádìí bóyá DNS ló ń fà á lóòótọ́. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `ping 1.1.1.1`. Tí èsì ń wọlé, ṣùgbọ́n tí `ping google.com` ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, DNS ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bá kọ̀ǹpútà wá nọ́ńbà tí orúkọ ìkànnì ń jẹ́. Tí méjèèjì bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni kò dé ilé yín, nọ́ńbà DNS tuntun ò sì ní mú un dé.

Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ Hardware properties, èyí tó ń ṣe àyípadà náà fún gbogbo Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà bá lò. Orúkọ Wi-Fi ilé yín pẹ̀lú properties ni kí ẹ tẹ̀. Níwájú DNS server assignment, ẹ tẹ Edit, ẹ yan Manual, ẹ tan IPv4, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjì ti ilé-iṣẹ́ DNS kan sí i, àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ti Cloudflare ni 1.1.1.1 àti 1.0.0.1, ti Google ni 8.8.8.8 àti 8.8.4.4. Quad9 ni mo fẹ́ràn jù fún kọ̀ǹpútà tí tọmọdé-tàgbà jọ ń lò: 9.9.9.9 àti 149.112.112.112. Ó máa ń dínà mọ́ ìkànnì àwọn oníjìbìtì tó bá ti mọ̀.

Ẹ má fi 1.1.1.3 ti Cloudflare, tó ń dí ìkànnì oníhòòhò, ṣe àkọ́kọ́ kí ẹ wá fi 8.8.8.8 ṣe ìkejì. Bí èsì àkọ́kọ́ bá pẹ́, Windows á yà sọ́dọ̀ ìkejì, gbogbo ohun tí ẹ ń dí á sì wọlé. 1.0.0.3 ni ìkejì rẹ̀.

IPv6, irú àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tó gùn ju IPv4 lọ, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tí ráútà bá ń pín in, kọ̀ǹpútà lè máa gba ibẹ̀ lọ bá DNS àtijọ́; `ipconfig /all` á fi hàn yín. Ẹ tan IPv6 náà, kí ẹ fi ti ilé-iṣẹ́ kan náà sí i: 2620:fe::fe àti 2620:fe::9 ni ti Quad9.

Lẹ́yìn Save, ẹ tẹ `ipconfig /flushdns` kí èsì àtijọ́ kúrò nínú ìrántí, kí ẹ tó tẹ `nslookup google.com`. Nọ́ńbà tuntun ló yẹ kó hàn lókè. Bó bá hàn tí Chrome ò yí padà, ẹ wo Use secure DNS nínú Settings Chrome, lábẹ́ Privacy and security. Ó lè ti ní DNS tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti lo Hardware properties tẹ́lẹ̀, tí ojú ewé tí wọ́n fi ń wọ Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì kò ṣí, ẹ dá a padà sí Automatic.