Ṣé Mo Lè Máa Gbé Ibí? Láti Peckham dé Salvador

Ibi yòówù tí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé, ojú fèrèsé àwọn onílé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí mo bá rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tí mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti inú ilé kan, kíá ni ọkàn mi á ti kó wọlé síbẹ̀. Ibùsùn mi á wà lápá ibí, ọmọ mi á máa kàwé lọ́hùn-ún, ẹnu ọ̀nà yẹn ni n ó máa gbà jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Accra, mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lisbon. Kì í ju ọjọ́ méjì lọ tí ọkàn mi fi máa ń kó ẹrù rẹ̀ jáde padà. Ṣùgbọ́n ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ẹrù náà ò sì tíì jáde tán títí di òní.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ìsàlẹ̀ òkè Mápó nílé wa. Láti ọdún 2009 ni mo ti ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, ọkùnrin ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tètè dárúkọ rẹ̀ nítorí pé bí mo bá ń bi ara mi bóyá mo lè gbé ibì kan, èèyàn méjì ni mò ń bi í fún.

Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, kò fi ríran. Gbogbo ohun tí àlejò ń lọ wò ní Salvador ni mo lọ wò: àwọn ilé aláràbarà ní Pelourinho, àti Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tó ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè láti ọdún 1873. Ọjọ́ kan ni mo fún wọn, ó sì tó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ṣe ń rí níbẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń ra àlùbọ́sà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́? Ta ló ń kó ilẹ̀? Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?

Àdúgbò Liberdade ni mo dé sí, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń fi yàrá kan gba àlejò. Liberdade kan náà ni Curuzu wà, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ onílù Ilê Aiyê sílẹ̀ lọ́dún 1974. Mi ò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ yẹn, Ilé Ayé ni. Nínú èèyàn mẹ́wàá ní ìlú náà, ó ju mẹ́jọ lọ tó pe ara rẹ̀ ní dúdú tàbí àdàlù nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2022. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó mọ ohun tó ń fún mi nísinmi níbẹ̀: nígbà tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé mi kiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá onílé mú mi lọ sọ́dọ̀ aláàkàrà tó máa ń jókòó sí ìkángun òpópónà. Aṣọ funfun báláú ló wọ̀, gèlè funfun ló wé, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó tí wọ́n ti lọ̀ wà níwájú rẹ̀ nínú ìkòkò, ó ń fi ọmọrogùn pò ó, ó ń gbé e sókè, ó ń lù ú, títí ó fi wú tó sì fúyẹ́. Kò sí ata nínú rẹ̀ rárá, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni. Epo pupa ló fi ń dín in, dendê ni wọ́n ń pè é. Ó bu ẹ̀wà sínú epo, ó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ó sì bi mí pé: “Quente?” Mo mọ̀ pé gbígbóná ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ata ló ń béèrè! Ó la àkàrà náà láàárín, ó fi ata sí i, ó fi vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, àgbọn àti epo tí wọ́n rò pọ̀ bí ẹni ro ọ̀gì, ó bu ilá lé e, ó wá to edé gbígbẹ sórí gbogbo rẹ̀. Acarajé ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Àkàrà àti jẹ ló wà nínú orúkọ náà, kò fara sin. Láti ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ Bràsíl ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn.

Nílé wa, àárọ̀ ni àkàrà, òun àti ọ̀gì. Ní Salvador, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n á dúró yí aláàkàrà ká, wọ́n á máa sọ bí ọjọ́ ṣe lọ. Mo dúró láàárín wọn, ọbẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́wọ́, omi sì bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ata. Ní Peckham, kò sí èròjà tí mi ò lè rí ní Rye Lane, òpópónà tí ọjà wà níbẹ̀: iṣu, ata rodo, ẹ̀wà, ewé ẹ̀fọ́, pọ̀nmọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ dín àkàrà, n ó ti ìlẹ̀kùn kíṣìnnì, n ó ṣí fèrèsé nínú òtútù, n ó fi aṣọ ìnura bo ẹ̀rọ tó ń han bí èéfín bá rú. Tí mo bá dín in tán, èmi àti ọmọ mi la ó jókòó tì í. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé nílùú yẹn, mi ò tíì dín àkàrà níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ ti lè yà.

Oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣe ọdún São João. Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún, iná igi ń jó níwájú ilé, àgbàdo sì wà lórí rẹ̀. Ìyá onílé gbé ohun kan fún mi tí wọ́n fi háhá àgbàdo dì, ó ní pamonha ni. Mo tú u, mo tọ́ ọ wò: ṣápàlà! Abará tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, ọ̀ọ̀lẹ̀ ni. Acaçá, ẹ̀kọ ni. Ilẹ̀ tètè ń ṣú níbẹ̀, aago márùn-ún ò ní kọjá jìnnà tí oòrùn á fi wọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní oṣù kan náà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkíni. Obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Peckham, ọdún kọkànlá rèé tí a ti jọ ń lo àtẹ̀gùn kan náà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọjọ́ tí mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn, òun ló kan ilẹ̀kùn pè mí. Bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ ni. Ní Liberdade, kí n tó dé ìdí bọ́ọ̀sì, ẹni mẹ́fà á ti kí mi. “Minha filha” ni ìyá onílé ń pè mí, ọmọ mi, èmi náà ń pè é ní Màmá. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó gbá orí mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì ó wọ funfun láti òkè délẹ̀. Àìmọye èèyàn ní ìgboro náà ló wọ funfun lọ́jọ́ yẹn nítorí Oxalá, ìyẹn Òrìṣà-ńlá.

Ṣùgbọ́n èdè dá mi dúró. Mo lọ sí Ilê Axé Opô Afonjá, ilé òrìṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, tó jẹ́ ti Ṣàngó. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ẹ̀yìn ni mo dúró sí. Wọ́n kọrin, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀: ọba, omi, ilé, ọmọ. Ohùn wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni, mo gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo súnmọ́ ìyá àgbà kan, mo ní, “Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó fi èdè Potogí dá mi lóhùn. Kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Èdè àdúrà ló dúró lọ́dọ̀ wọn, wọ́n pa á mọ́ nígbà tí wọ́n ń nà wọ́n nítorí rẹ̀. Èdè tí a fi ń ná tòmátì ló lọ.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo ronú kan ọmọ mi. Yorùbá tó gbọ́ kò ju “wá jẹun,” “pa iná,” “bàtà ẹ dà?” Kò lè ka oríkì tí bàbá mi fi ń kí mi láàárọ̀, mi ò kọ́ ọ. Èdè kíṣìnnì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èdè ojúbọ ló wà lọ́wọ́ àwọn ará Bahia. Àwọn, ẹrú ni wọ́n kó wọn lọ, títí di 1888 ni òfin ibẹ̀ sì fàyè gba ẹrú. Èmi, ọkọ̀ òfuurufú ni mo wọ̀, mo sanwó rẹ̀ fúnra mi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, mi ò fẹ́ fi ẹnu pọ́n ọn.

Ti owó ò gùn. Lọ́dún 2025, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bràsíl fọwọ́ sí jẹ́ 1,518 reais. Ní Ìlú Ọba, pọ́n-ùn 12.21 ni fún wákàtí kan nígbà náà. Bí mo bá fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó oṣù kan tibẹ̀ nìyẹn. Màmá mi wà ní Ìbàdàn, òun àti àbúrò mi kan, ẹni tí yóò máa fowó ránṣẹ́ sí wọn ò lè jẹ́ ẹni tó ń gba reais.

Ti àìsàn ló yà mí lẹ́nu jù. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá onílé gbé e, èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ìjọba. A dúró ju wákàtí mẹ́ta lọ, bí a ṣe ń dúró ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ti 1988 ló fi í lélẹ̀ pé ìlera jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn, SUS ni wọ́n ń pe ètò náà. Mo jókòó lórí ìjókòó ike níbẹ̀, bàbá mi ni mò ń rò. Lọ́dún 2016, ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ò fọwọ́ kàn án títí àbúrò mi fi rí owó àkọ́san. Aago mẹ́rin ìdájí ni owó dé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí bàbá fi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mi ò fi padà sílé, òru yẹn ni màá sọ, mi ò ní sọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Ohun tó wá kù ni ọmọ mi. Bahia wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ọlọ́pàá ti ń pa èèyàn jù lọ ní Bràsíl, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ ìyá onílé ló sọ fún mi pé òun kì í sùn títí àbíkẹ́yìn òun á fi wọlé, pé bí ó bá ń jáde, òun á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá káàdì ìdánimọ̀ wà lápò rẹ̀. Mo wò ó, bí ẹni wo ara mi nínú dígí. Ní Peckham, ọlọ́pàá ti dá ọmọ mi dúró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tú báàgì ilé ìwé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó délé, kò sọ̀rọ̀, ó lọ wẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà mí níbí, ẹ̀rù ìbọn ló ń ba ìyẹn níbẹ̀. Mi ò lè kó ọmọ mi kúrò nínú ẹ̀rù kan lọ sínú èyí tó jù ú lọ nítorí pé àkàrà ibẹ̀ dùn.

Nítorí náà, rárá ni. Mi ò lè gbé Salvador, kì í ṣe nísinsìnyí. Mo sọ ọ́ fún ìyá onílé lórí fóònù, ó ní yàrá náà ò ní sá lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń fi àwòrán ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun ránṣẹ́ sí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dín àkàrà, ọmọ mi wá dúró ti ìlẹ̀kùn kíṣìnnì. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò yẹn?” Mo ní wọ́n ń gbá a. Mo ṣàlàyé fún un pé orí òkè ni Liberdade wà, pé ojú ọ̀nà níwájú ilé ìyá onílé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ọmọkùnrin tí kò dàgbà tó o sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń yí lọ nìyẹn. Ó ní, “Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i mú?” Mo ní ọmọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sí ìsàlẹ̀, tó máa ń la ẹsẹ̀ sílẹ̀ dè é láàárín ọ̀nà.