Ẹ̀yin Apàlọ́ Tuntun, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Ègbè

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Mo wo fídíò ètò ìdílé kan tí àwọn kan nínú yín ṣe láìpẹ́ yìí. Ẹnì kan dúró níwájú èrò, ó ní "Ààlọ́ o!" Kò dúró kí ẹnikẹ́ni mí. Ẹnu ara rẹ̀ náà ló tún fi dáhùn "Ààlọ̀!", ló bá kó eré sí i bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú tún bí mi díẹ̀, torí mo mọ ibi tí irú eré yẹn ti ń wá, kì í sì í ṣe ẹjọ́ yín nìkan. Ìyẹn ni mo fi ní kí n kọ ohun márùn-ún tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi. Ti ohùn yíyí padà àti ojú fífi sọ̀rọ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní dá a sọ.

Èkíní, ẹ bèèrè àsìkò kí ẹ tó bèèrè ìtàn. Bí ẹ bá ń pe onítàn láti ìran oríṣiríṣi jọ, ẹ má rò pé gbogbo ìtàn ló ṣeé sọ nígbàkígbà. Àwa náà, alẹ́ la ń pààlọ́. Láàárín àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà, ìgbà òtútù ni wọ́n ń sọ ìtàn Coyote, ẹranko ẹlẹ́tàn wọn tó jọ ajá. Tí onítàn bá sọ fún yín nígbà ooru pé òun ò ní sọ ọ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó mú òmíràn wá.

Èkejì, àwọn òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ọmọdé ò ṣòro. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè, á dáhùn. Bàbá tó jókòó lẹ́yìn tó ń tẹ fóònù ni iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, torí òun ló máa tún ìtàn náà sọ nílé, tàbí kó jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹní fún ọmọ níwájú kí wọ́n wá to àga òbí mọ́ ògiri. Ẹ dà wọ́n pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ègbè àti ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ètò ìdílé kan ni, nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan. Onítàn mẹ́rin la jẹ́: èmi, ìyá kan tó jẹ́ Akan (ẹ̀yà kan ní Ghana àti Côte d'Ivoire), arákùnrin kan láti Haiti, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣe kamishibai ti Japan, ìyẹn ìtàn tí wọ́n ń fi àwòrán sọ, tí wọ́n ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ni olùṣètò ti fún wa níwèé: ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ, "kókó ìtàn nìkan". Mo ní orin wà nínú tèmi. Ó ní kò burú. Ẹ rántí pé ó ní kò burú.

Ìjàpá àti Yánníbo ni mo mú lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Yánníbo ń wá ọmọ, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ìjàpá ò lè mú un mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ wú. Orin ló mú padà lọ bá babaláwo. Inú orin yẹn ló ti jẹ́wọ́, inú rẹ̀ ló ti bẹ̀bẹ̀, ó sì rọra ki irọ́ bọ̀ ọ́, pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú tí ọwọ́ òun fi kan ẹnu. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ègbè.

Mo kọ́ wọn ní ègbè. Lẹ́ẹ̀kíní, ohùn wọn ò jáde dáadáa. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin kan níwájú ti ń pàtẹ́wọ́ sí i. Bí mo ṣe mú ìlà kẹta báyìí, máìkì kú. Mo rò pé bátìrì ni. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, olùṣètò wa ló dúró ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ó ń nàka sí aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà tí mo dákẹ́ orin ni máìkì tó jí. Mo fò dé ìparí, ikùn Ìjàpá bẹ́, mo dúpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á fún olóṣèlú.

Ọmọbìnrin yẹn nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí Ìjàpá ò bẹ̀bẹ̀?"

Ó bẹ̀bẹ̀! Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ gan-an ni wọ́n ti pa máìkì mọ́ mi lẹ́nu. Tí ẹ bá yọ orin yẹn kúrò, ìtàn ẹni tó jẹun tó sì kú ló kù. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìyá rẹ̀ ti ń wọ bàtà fún un. Olùṣètò wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé orin yẹn ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Mi ò tíì dárí ẹ̀ jì í, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìyá Akan ló tẹ̀ lé mi, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú wọn. Wọ́n na máìkì sí Ìyá, Ìyá ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n gbé àga kúrò lórí pèpéle, wọ́n jókòó sáàárín èrò. Lọ́dọ̀ àwọn Akan, ẹni tó ń gbọ́ ìtàn lè fi orin dá onítàn dúró; mmoguo ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Ìyá kọ́ gbogbo ilé lórin kúkúrú kan kí wọ́n tó dárúkọ Ananse, aláǹtakùn ẹlẹ́tàn inú ìtàn Akan, rárá, wọ́n wá kọjú sí bàbá kan tí kò tíì gbójú kúrò lára fóònù: "Bàbá àwọn ọmọ, bí ọ̀rọ̀ mi bá sú yín, orin yẹn ni kí ẹ fi dá mi dúró." Bàbá ti fóònù bọ àpò. Ibi tí ìtàn ti ń gbóná, òun ló gbé orin. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Olùṣètò ń nàka sáago, ẹnikẹ́ni ò wò ó, kò sì sí máìkì tí yóò pa.

Ṣé ẹ wá rí i? Arákùnrin ará Haiti yẹn á bèèrè "Krik?", bí ẹ ò bá dáhùn "Krak!", kò ní bẹ̀rẹ̀. Hausa á ní "Ga ta, ga ta nan", àwùjọ á ní kó máa bọ̀ káwọn gbọ́. Nínú ìtàn Sunjata, ọba tó dá ilẹ̀ ọba Mali sílẹ̀, láàárín àwọn Mandé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa dáhùn "naamu" bí jèlí, onítàn wọn, ṣe ń sọ ọ́ lọ. Àwọn oníkamishibai àtijọ́ tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, igi méjì ni wọ́n máa ń gbá pọ̀ kí àwọn ọmọ lè sáré jáde. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láìpe èèyàn wọlé. Olùṣètò tó bá ní kí ẹ fò ó ti ti ìdílé síta, ó sì tún ń retí kí wọ́n gbádùn ilé.

Ẹ̀kẹrin ti bọ́ lọ́kàn mi. Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ owó ni: ẹ gba ìdajì kí ẹ tó kúrò nílé.

Olùṣètò yẹn tún kàn sí mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní kí n wá pa ìtàn Ìjàpá kan náà, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun máa fún mi báyìí. Mo ní ogún ni mo máa gbà, kí ẹni tó ń ṣọ́ máìkì sì wá jókòó sáàárín àwọn tó ń gbé ègbè. Kò tíì dá mi lóhùn.